Kí O Fúyẹ́, Kí O Má Ṣẹ́

Ìwọ tí ojú rẹ wà lára ìwé yìí, ìwọ gan-an ni mo dìde láti wúre fún. Bí o bá jù mí lọ lọ́jọ́ orí, má bínú pé mo pè ọ́ ní ìwọ. Orí rẹ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, orí la sì ń pè ní ìwọ. Bí ẹ̀sìn rẹ bá jẹ́ ti àmín, ṣe àmín. Bí ó bá jẹ́ ti àṣẹ, fi àṣẹ sí i. Ọ̀dọ̀ Ẹni tó ni ẹnu gbogbo ni méjèèjì ń lọ.

Mo ké pe Elédùmarè, Ọba tó kó irin pamọ́ sínú ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dáná. Mo ké pe Ẹni tó gbẹ́ ihò sínú ọparun tí kò gbẹ́ agbára rẹ̀ dànù. Mo júbà àgbà tó kọ́kọ́ fẹ́ ẹwìrì, mo júbà ọmọ owú tó kọ́kọ́ bọ́ sórí irin gbígbóná. Ìbà Ògún, aláṣẹ irin. Irin kò ní pa ọ́. Irin kò ní ṣe ọ́ léṣe. Irin rẹ kò ní dá, ìrìn rẹ kò ní dà, ẹ̀rín ni irin yóò máa rín sí ọ níbikíbi tí ẹ bá ti pàdé.

Lórí irin méjì ni mo fẹ́ gbé ire yìí kà: ọ̀pá tó kún fún irin dénú, àti páìpù tí inú rẹ̀ ṣófo. Ojú tó bá kọ́kọ́ rí wọn, ọ̀pá ni yóò kí. Yóò ní èyí ló kún, èyí ló ní láárí, èyí ni kò tan ènìyàn jẹ. Yóò wo ihò tó wà nínú páìpù, yóò sì rò pé ẹni tó ṣe é ló ń ṣahun. Mo bẹ Ọlọ́run kí ó gbà ọ́ lọ́wọ́ ojú tó ń kánjú wo ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan tó pè ọ́ ní òfìfo, yóò tún ojú wò. Ẹni tó gbọ̀n ọ́ wò tó ní ohùn rẹ kò dún, yóò pàdé rẹ níbi tí ẹrù wà.

Mú ọ̀pá irin kan tó kún dénú, tí fífẹ̀ rẹ̀ láti etí kan sí ìkejì jẹ́ mìlímítà 30. Mú páìpù kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 50, tí ihò inú rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 40. Kí gígùn wọn dọ́gba, kí irin wọn jẹ́ irú kan náà. Gbé wọn sórí ìwọ̀n, ìwúwo wọn kò yàtọ̀ rárá: irin kan náà ni ẹ rà, owó irin kan náà ni ẹ san. Wàyí o, gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dábùú sórí òkúta méjì, kí o gbé ẹrù lé e láàárín. Bí ẹrù wọn bá dọ́gba, ọ̀pá yóò tẹ̀ tó bí ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀ ohun tí páìpù yóò tẹ̀. Bí o bá sì ń fi ẹrù kún ẹrù, páìpù yóò ru ju ìlọ́po méjì àbọ̀ ohun tí ọ̀pá lè rù lọ kí ó tó tẹ̀ ní títẹ̀ tí kì í padà bọ̀ sípò.

Nítorí náà, mo wúre fún ọ. Ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ rẹ yóò ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀. Owó oṣù tí wọ́n ní kò tó, yóò tó, yóò tó yọ, yóò tó fún ẹlòmíràn. Ilẹ̀ tí ó jẹ́ ìdajì ti aládùúgbò rẹ yóò so èso tí ẹ̀yin méjèèjì yóò jọ kó. O ò ní tẹ̀, o ò sì ní tẹ́. Ẹní iyì ni wọn yóò tẹ́ fún ọ, o ò ní tẹ́ lórí rẹ̀. Orí ìtẹ́ ni wọn yóò gbé ọ kà, ìtẹ́ náà kò ní tẹ̀ mọ́ ọ nídìí. Ìtẹ̀síwájú ni tìrẹ, ìtẹríba ni ti ọ̀tá rẹ, Ẹni tí kì í tẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ lé ọ lẹ́yìn.

Kí ló fà á tí páìpù fi ṣe bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ẹrù bá wà lórí irin tó dábùú, ẹ̀yìn rẹ̀ lókè ń fún pọ̀, ikùn rẹ̀ nísàlẹ̀ ń nà. Láàárín gbùngbùn, kò sí fífún, kò sí nínà. Irin tó wà níbẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ríṣẹ́ ṣe, ó kàn ń dá kún ìwúwo ni. Irin tó wà létí lókè àti irin tó wà létí nísàlẹ̀ ni ẹrù ń bá wí, bí wọ́n bá sì ṣe jìnnà sí àárín tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára wọn ṣe ń gbilẹ̀ tó. Ẹni tó ṣe páìpù kó irin tó ń sùn láàárín, ó gbé e lọ sí etí níbi tí iṣẹ́ wà. Kò fi nǹkan kan kún un. Ipò ló yí padà.

Ìwọ, kí Ọlọ́run yí ipò rẹ padà bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tó ń sùn nínú rẹ, kí ó gbé e lọ síbi tí iṣẹ́ wà. Ìwé tí o kà tí kò tíì jẹ́ kí o jẹun, kí ó rí etí tó nílò rẹ̀. Ọwọ́ rẹ tó mọ abẹ́rẹ́, tó mọ ìkọ̀wé, tó mọ ìdáná, kí wọ́n má fi sí àárín gbùngbùn níbi tí ẹrù kò kàn án. Kí o bọ́ sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ ti wúlò, ibi tí ohùn rẹ ti dùn, ibi tí orúkọ rẹ ti níyì. Ohunkóhun tó ń dá kún ìwúwo rẹ láìṣiṣẹ́, kí Ọlọ́run gbé e sọ̀ kalẹ̀: ìbínú tí o ti ń gbé láti ọdún mọ́dún, gbèsè tí kì í ṣe ìwọ lo jẹ ẹ́, ìtìjú ohun tí àwọn tó rí i gan-an ti gbàgbé. Kí o fúyẹ́, kí o má ṣẹ́. Kí o fẹ̀, kí o má fọ́. Kí ìfẹ́ fẹ̀ ọ́ títí tí ilé yóò fi kún fún ẹni tó fẹ́ ọ.

Ìṣirò kan tún wà tó ń yà mí lẹ́nu jù báyìí lọ. Mú ọ̀pá kan tó kún, kí o lu ihò sí i láàárín láti orí dé ìdí, kí ihò náà fẹ̀ tó ìdajì fífẹ̀ ọ̀pá. Ìdá kan nínú mẹ́rin irin rẹ̀ ló lọ yẹn. Ṣùgbọ́n nínú agbára tí kì í jẹ́ kó tẹ̀, ìdá kan péré nínú 16 ló bá a lọ. Èyí tó lọ lójú pọ̀. Èyí tó lọ ní tòótọ́ kéré.

Ìwọ tí ọdún yìí ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ, ibí yìí ni mo ti fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú rẹ. Ìwọ tí o pàdánù iṣẹ́, ìwọ tí o pàdánù ọjà, ìwọ tí o sin ẹni tí o rò pé yóò sin ọ́, mo mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀. N kò ní bá ọ pè é ní nǹkan mìíràn. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí ihò náà jẹ́ ti àárín, kí ó má ṣe dé etí. Kí ohun tó lọ má mú agbára rẹ lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún gbé ẹrù lé ọ, kí o bá ara rẹ ní ìdúró, kí ẹnu ya ìwọ fúnra rẹ. Òfò kò ní sọ ọ́ di òfìfo. Àdánù kò ní dá ọ nù. Ikú tó mú ọ̀kan kò ní rántí ojúlé rẹ mọ́. Kí Olùtùnú tù ọ́, kí ilé rẹ tù ọ́, kí ọjọ́ ọ̀la tù ọ́ lára.

Ìwọ tí ò ń wojú Olúwa fún ọmọ, àyè tó wà nínú rẹ kì í ṣe àléébù. Ṣé o ti wo igi ìbẹ́pẹ rí, kí o gé e wò? Inú rẹ̀ ṣófo. Kò ní agbára igi ìrókò, a kì í là á ṣe pákó, ṣùgbọ́n ara igi tó ṣófo yẹn gan-an ni èso ń yí ká lókè, tí èyí tó pọ́n ń ti èyí tó tutù. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yóò yí ọ ká. Wọn yóò tì ọ́ lọ́tùn-ún, wọn yóò tì ọ́ lósì, o ò ní ráàyè na ẹsẹ̀ lórí ibùsùn rẹ. Ariwo wọn yóò jí ọ, ayọ̀ wọn yóò mú ọ sùn. Àbíyè ni tìrẹ. Àbíkẹ́ ni tìrẹ. Èyí tí o bí láti inú ara rẹ àti èyí tí o tọ́ láìbí i, gbogbo wọn yóò fẹnu kan pè ọ́ ní ìyá, wọn yóò fẹnu kan pè ọ́ ní bàbá.

Ọ̀rọ̀ irin yìí kì í ṣe ti òní. Galileo Galilei, ọmọ Ítálì, kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Leiden ní orílẹ̀-èdè Netherlands lọ́dún 1638. Ìjọ Kátólíìkì ti dá a lẹ́bi nígbà náà, wọ́n ti há a mọ́ ilé rẹ̀ ní ẹ̀bá ìlú Florence, wọn kò fẹ́ kí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ sì ti fọ́ nígbà tí ìwé náà jáde. Inú ìwé yẹn ló ti mẹ́nu kan egungun ẹyẹ àti pòròpórò koríko, ó ní ẹ̀dá ń lo ihò láti fi kún agbára láìfi kún ìwúwo. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà kàn án ju bí ó ṣe sọ ọ́ lọ. Ìwọ náà, ilé tí wọ́n bá há ọ mọ́ kò ní há ọgbọ́n rẹ mọ́. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọ nílé yóò ṣí fún ọ lókèèrè. Bí ojú bá ń di fún ọ, àyà rẹ kò ní dí. Ohun tí o fi òkùnkùn ṣe, ìmọ́lẹ̀ ni wọn yóò fi kà á, wọn yóò sì máa dárúkọ rẹ nígbà tí àwọn tó dá ọ lẹ́bi kò ní orúkọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rìn lọ tí ẹ ń rìn bọ̀, ẹ sún mọ́ mi. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1879, ìjì gbé afárá odò Tay ní Scotland ṣubú pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin tó wà lórí rẹ̀, kò sì sí èrò kan tó yè. Nígbà tí John Fowler àti Benjamin Baker wá fẹ́ kọ́ afárá mìíràn sórí odò Forth, wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Àwọn apá ńlá afárá tí ẹrù ń fún pọ̀, páìpù ni wọ́n fi ṣe é, páìpù ńlá tí èyí tó fẹ̀ jù nínú wọn fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Apá tí ẹrù ń fà, wọn kò fi páìpù ṣe é. Irin tí wọ́n so mọ́ra bí àwọ̀n ni wọ́n lò níbẹ̀. Oṣù Kẹta ọdún 1890 ni wọ́n ṣí afárá náà, ọkọ̀ ojú irin ṣì ń gba orí rẹ̀ kọjá títí di òní. Kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún ọ. Ibi tí ẹlòmíràn ti ṣubú, ìwọ yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ìjì tó gbé ti ẹlòmíràn yóò bá tìrẹ ní ìdúró. O ò ní wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí afárá ń bínú. Ọkọ̀ òfuurufú tí o wọ̀ yóò balẹ̀ jẹ́jẹ́, ọkọ̀ ojú omi tí o wọ̀ yóò gúnlẹ̀, kẹ̀kẹ́ tí o gùn kò ní gbé ọ ṣubú.

Àbí o kò rí kẹ̀kẹ́? Páìpù ni gbogbo egungun rẹ̀. Alfred Reynolds, ará Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lọ́dún 1897 lórí irú páìpù kẹ̀kẹ́ kan tí ògiri rẹ̀ nípọn ní orí àti ìdí, níbi tí wọ́n ti ń jo páìpù pọ̀ mọ́ páìpù, ṣùgbọ́n tí ó fẹ́lẹ́ láàárín níbi tí ìyà kò pọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ dọ́gba, ojú kò rí ìyàtọ̀. Inú ló ti mọ ibi tí yóò ti nípọn. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọkùnrin yìí púpọ̀, ó sì wù mí kí n fi wúre fún ìgbéyàwó: níbi tí ìwọ àti ẹnìkejì rẹ ti sopọ̀, kí ẹ nípọn. Níbi tí ilé rẹ ti kan ilé àna rẹ, kí ó nípọn. Níbi tí ọmọ ìyá ti kan ọmọ bàbá, kí ó nípọn, kí iná ìjà má lè yọ́ ọ. Níbi tí kò ti sí wàhálà, kí ẹ fẹ́lẹ́ fún ara yín, kí ẹ má máa gbé ògiri nípọn síbi tí ẹ̀rín nìkan ti tó.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa fífẹ́lẹ́ yìí, àdúrà tí kò ní òtítọ́ nínú kì í pẹ́ já. Bí ènìyàn bá ní nítorí pé fífẹ̀ dára, kí òun máa fẹ páìpù kí ògiri rẹ̀ sì máa fẹ́lẹ́ sí i, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ògiri náà yóò dà bí agolo mílíìkì: ìka yóò tẹ̀ ẹ́ wọnú, ojú ibi tó jin náà ni yóò sì ti ká. Ọparun mọ èyí. Ìdí nìyí tí ó fi ní oríkèé, tí oríkèé kọ̀ọ̀kan sì ní ògiri tó dí ihò inú lójú ibẹ̀, kí ara rẹ̀ má baà pẹlẹbẹ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dà á dúbúlẹ̀. Àwọn kọ́lékọ́lé wa tí wọ́n ń fi ọparun gbé dẹ́kì ró títí kọnkéré yóò fi gbẹ, wọn kò ka Galileo, wọ́n kàn mọ ohun tó ń gbé ẹrù.

Ọparun, ìwọ tí ìjì dà dúbúlẹ̀ tí o tún dìde, wá bá mi fi ohùn sí i. Ọmọ aráyé tó ń ka ìwé yìí kò ní parun. Ẹni tí yóò pa á run ni yóò parun. Ìwọ òǹkàwé mi, ní gbogbo oríkèé ayé rẹ, orí yóò kẹ́ ọ. Ní oríkèé ogún ọdún, orí yóò kẹ́ ọ. Ní oríkèé ogójì, orí yóò kẹ́ ọ. Ní oríkèé ọgọ́rin tí ẹsẹ̀ ń wá ọ̀pá, orí yóò kẹ́ ọ, ọmọ yóò kẹ́ ọ, aya àti ọkọ yóò kẹ́ ọ. Ìka ọ̀tá kò ní tẹ̀ ọ́ wọnú. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní jin ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. O ò ní fẹ̀ ju ìnípọn rẹ lọ, òkìkí rẹ kò ní ju ìwà rẹ lọ.

Òpó tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ní ewu tirẹ̀. Leonhard Euler ló ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1744: irú òpó bẹ́ẹ̀ kì í dúró kí ẹrù fọ́ ọ, ó máa ń yọ ẹ̀gbẹ́ lójijì, á sì káwọ́ kalẹ̀. Bí gígùn rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ẹrù tó lè gbé di ìdá kan nínú mẹ́rin. Páìpù ń ṣe dáadáa níbẹ̀ ju ọ̀pá tí wọ́n jọ wúwo lọ, òun náà kò sì dá wà. Wo páìpù tí àwọn kọ́lékọ́lé ń gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé alájà mẹ́rin. Wọn kì í nà án sókè kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi òmíràn gbá a ní ìbú, wọ́n á fi òmíràn dá a ní igun. Bí o bá di òpó mú gírígírí ní àárín rẹ̀ gan-an, tí kò lè yà síhìn-ín sọ́hùn-ún mọ́, ẹrù tó lè gbé di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó dì í mú kò ru ẹrù náà o. Ó kàn dì í mú ni.

Ẹni tí yóò dì ọ́ mú láàárín, Ọlọ́run yóò fún ọ. Bí ipò rẹ bá ga, o ò ní dá ga. Nígbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn tí o fẹ́ yọ ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ kan yóò wà níbẹ̀: ọwọ́ ọ̀rẹ́, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ẹni tí o ṣoore fún tí o ti gbàgbé. Ìwọ náà yóò jẹ́ ọwọ́ yẹn fún ẹlòmíràn. Ìpè kan láti ẹnu rẹ yóò dá ẹnì kan dúró lójú ọ̀nà ìṣubú, o lè má mọ̀ ọ́n títí ayé.

Má jẹ́ kí n ṣe ojúsàájú sí páìpù. Ẹni tó bá ní páìpù lágbára ju ọ̀pá lọ láìsọ bí wọ́n ṣe wúwo tó, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Bí fífẹ̀ wọn lẹ́yìn bá dọ́gba, ọ̀pá tó kún ló lágbára jù, kò sí àríyànjiyàn. Bí ó bá sì jẹ́ fífà ni, kí wọ́n mú irin lórí kí wọ́n mú un nídìí kí wọ́n máa fà á, ihò kò ṣe é lóore kankan. Iye irin tó wà níbẹ̀ nìkan ló ń dáhùn, ọ̀pá kò sì gba àyè. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ ọ̀pá irin tó kún ni wọ́n ń tò sínú dẹ́kì kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Kọnkéré kò kọ kí wọ́n fún un pọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fà á, yóò sán. Ọ̀pá ló ń gba fífà náà fún un, nínú òkùnkùn, láìsí ẹni tó ń rí i.

Ìwọ tí o jẹ́ ọ̀pá inú dẹ́kì nínú ẹbí rẹ, mo kí ọ lọ́tọ̀. Ẹbí ń fà ọ́ lókè, ọmọ ń fà ọ́ nísàlẹ̀, ilé ìwé ń fà ọ́, ilé ìwòsàn ń fà ọ́, kò sì sí ẹni tó rí ọ nítorí pé kọnkéré ti bò ọ́. O ò ní já. O ò ní já kulẹ̀, o ò ní já ara rẹ, o ò ní já ẹni tó gbójú lé ọ. Bí wọ́n ṣe ń fà ọ́ ni ire yóò máa fà wá sọ́dọ̀ rẹ. Ọjọ́ kan yóò dé tí wọn yóò dárúkọ ẹni tó gbé ilé ró, orúkọ rẹ ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ilé tí o kọ́ kò ní wó, èyí tí o rẹ́ǹtì kò ní wó. Kọ́lékọ́lé tí wọ́n ní kó fi ọ̀pá 12 sí i tó fẹ́ fi 8 sí i kó sì gbé mẹ́rin relé, Ọlọ́run yóò fi ẹ̀rí ọkàn jí i lóru.

Ohun kan ṣì wà tí ọ̀pá kò lè ṣe láé: nǹkan kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Páìpù tó ń gbé ẹrù tún lè gbé omi. Egungun itan rẹ tó ń gbé ọ rìn, ihò wà nínú rẹ̀, mùdùnmúdùn ló sì wà nínú ihò náà; inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Egungun ìyẹ́ apá igún, ẹyẹ tí àwọn àgbà ní a kì í pa, a kì í jẹ, ihò wà nínú rẹ̀, àwọn egungun tẹ́ẹ́rẹ́ sì dábùú nínú ihò náà láti ògiri dé ògiri, ìyẹn ló fi ń gbé ara ńlá yẹn rà bàbà lójú sánmà láìṣẹ́.

Nítorí náà, kí ire gba inú rẹ kọjá. Kí omi gba inú rẹ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Kí owó gba ọwọ́ rẹ kọjá, kí díẹ̀ kù síbẹ̀, kí púpọ̀ dé ibi tó ń lọ. Kí ẹ̀jẹ̀ rẹ mọ́, kí egungun rẹ le, kí mùdùnmúdùn rẹ má gbẹ. Inú rẹ kò ní dí, inú rẹ yóò dùn. Inú rere ni wọn yóò bá nínú rẹ. Ìpẹtà kò ní ti inú jẹ ọ́ níbi tí ojú kò dé, nítorí irú ìpẹtà yẹn ló burú jù fún páìpù: ẹ̀yìn ń dán, ògiri ń tán lọ. Àìsàn tí kì í sọ̀rọ̀, Ọlọ́run yóò mú kí ó sọ̀rọ̀ kí ó tó pẹ́, oníṣègùn yóò gbọ́ ọ, oògùn yóò ràn án.

Awakọ̀ tó ń ka èyí ní gáréèjì, ọ̀pọ̀ ọ̀pá tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ bá táyà ẹ̀yìn, páìpù ni. Bí wọ́n bá ń lọ́ irin, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ náà ló ń ṣe iṣẹ́ jù. Ayé lè lọ́ ọ, kò ní lọ́ ọ já. Ọ̀nà rẹ kò ní lọ́, ọ̀rọ̀ kò ní lọ́ mọ́ ọ lẹ́nu, o máa lọ, o máa bọ̀, wàá bá àwọn ará ilé lórí oúnjẹ. Wẹ́dà tó ń jo géètì àti ìdúró táńkì, iná rẹ kò ní ta sí ọ lójú, oníbàárà rẹ kò ní jẹ ọ́ lówó. Ìwọ tí ò ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rìn, páìpù fífúyẹ́ náà ni èyí tó wà ní abíyá rẹ, kí ó gbé ọ dé ibi gbogbo tí ọkàn rẹ ń fẹ́. Alákánópì tó ń kó páìpù lọ sí òde ìnáwó, òde ayọ̀ ni wọn yóò máa pè ọ́ sí, ìjì kò ní gbé kánópì rẹ, owó rẹ yóò pé kí àwọn alásè tó palẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí mi ò dárúkọ iṣẹ́ yín, Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti gbọ́. Bí ó bá jẹ́ kíkún ni yóò gbè ọ́, kí o kún. Bí ó bá jẹ́ ihò ni yóò gbè ọ́, kí o ní i, kí ojú má tì ọ́ nítorí rẹ̀. Ẹrù tó ń bọ̀ lọ́la ti wúwo, èjìká rẹ ti gbà á. Ẹni tó bá ń ka èyí tó ní ohùn, kí ó gbé ohùn sókè: àṣẹ, àmín.